Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Wákàtí

"Má fọwọ́ kàn án," Ọyakẹ́mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa wá bá wa."

Fáyẹ́misí fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Chérifath, ọmọdébìnrin ọlọ́dún méje tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan rí, jókòó sórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Tchaada. Ó kẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì, ó ń wo eruku tó ń yí lọ yí bọ̀ nínú ìtànṣán oòrùn. Ọyẹ́ ti dé. Ìkùukùu funfun bo àwọn igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé dé ọrùn, ó wá ku orí wọn nìkan tó hàn, bíi pé wọ́n léfòó sójú omi. Kò sí ariwo kankan ju ti adìẹ tó ń tanlẹ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà yíjú padà, ó wo ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọyakẹ́mi, ó sì fi ìka méjì kan ètè ara rẹ̀.

"Omi!" Ọyakẹ́mi gbé ife náà fún un lójú ẹsẹ̀. "O béèrè omi. Omi rè é, ọmọ mi."

Fáyẹ́misí mú èkùrọ́ kan nínú àpò òsì rẹ̀, ó jù ú sí àpò ọ̀tún. Ìkẹjọ nìyẹn láàárọ̀ náà. Bó ṣe máa ń ka ohun tí ọmọ bá ṣe nìyẹn, kó má baà máa wo ìwé nígbà tó yẹ kó máa wo ọmọ. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò fi hàn. Ó kàn ń wo bí omi ṣe ń dán lórí àgbọ̀n ọmọ náà, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ síbi tó jìnnà, bó ṣe máa ń lọ nígbàkigbà tí nǹkan bá dára.

Iṣẹ́ tí àwọn obìnrin méjèèjì yìí ń ṣe kò tíì ní orúkọ kan pàtó lẹ́nu àwọn ará Ifangni. Àwọn kan ń pè wọ́n ní olùkọ́ àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Nínú ìwé ìjọba, analyste du comportement ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n á jókòó ti ọmọ tí ìhùwàsí rẹ̀ ń da òbí láàmú, wọ́n á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọmọ náà tó ṣe ohun tó ṣe, wọ́n á wo ohun tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi sùúrù kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà sọ ohun tó ń fẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni, àmọ́ ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà dé ìdí rẹ̀. Fáyẹ́misí, tí wọ́n ń pè ní Véronique ní ilé ìwé, lo ọdún mẹ́fà ní Kánádà kó tó gba ìwé-ẹ̀rí tí gbogbo wọn ń pè ní ìwé Amẹ́ríkà. Ó lọ sí yunifásítì, ó ṣe ẹgbẹ̀rún méjì wákàtí lábẹ́ ojú ọ̀gá, ó sì ṣe ìdánwò wákàtí mẹ́rin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọyakẹ́mi fi ọdún mọ́kàndínlógún jù ú lọ. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Banigbé fún ọdún gbọọrọ, kó tó gba ìwé Dakar: oṣù mẹ́sàn-án lórí fóònù, oṣù mẹ́ta ní Dakar gan-an, àti ìdánwò ní èdè Faransé.

Fóònù Fáyẹ́misí gbọ̀n nínú báàgì rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sábẹ́ igi ọsàn.

"Madame Véronique, ẹ káàárọ̀. Séraphin ni, láti Porto-Novo."

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

Séraphin ni alága ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti pinnu ẹni tó máa lè gba ìwé àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ wọn. Láti bí oṣù mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ náà ti ń lọ láti ìlú dé ìlú.

"Bon. A ń bọ̀ wá sí Ifangni lọ́jọ́bọ̀, ní mairie, ilé ìjọba ìlú yín. Ìlà kẹrin nínú àbá òfin náà ló ṣe kókó. Ẹni tó bá ní ìwé Amẹ́ríkà nìkan ló máa gba àṣẹ. Ní gbogbo agbègbè yín, ẹ̀yin nìkan lẹ ní in. A fẹ́ kí ẹ wá sọ̀rọ̀ tì í lẹ́yìn. Tó bá kọjá, ẹ̀yin la máa fi ṣe ọ̀gá fún gbogbo iṣẹ́ náà níbẹ̀."

"Àwọn tó ní ìwé Dakar ńkọ́?"

"Wọ́n á máa ràn yín lọ́wọ́. Wọ́n á máa bá yín gbé ohun ìṣeré. Ẹ rántí ọmọ yẹn, Madame. Ẹ rántí apá rẹ̀."

Ó rántí. Kò sí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà tí kò rántí. Ọkùnrin kan tó fi ọjọ́ márùn-ún gba ẹ̀kọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan, tó sì gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ pupa, ló jókòó lé ọmọ kan lórí kí ó lè fara balẹ̀. Egungun apá ọmọ náà kán. Wọ́n ti fi àwòrán egungun náà han Fáyẹ́misí rí, ìlà dúdú tín-ín-rín kan láàárín funfun, látìgbà náà ló sì ti gbà pé ó yẹ kí òfin wà. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ fún Séraphin pé àbá rẹ̀ burú.

"Mo ti gbọ́, Ọ̀gá," ló wí.

Nígbà tó padà dé ibi ẹní, Ọyakẹ́mi kò bi í ní ohunkóhun. Ó di ìgbà tí wọ́n ń rìn láàárín ọ̀pẹ lọ sí títì, tí ìkùukùu náà sì ti ń ká kúrò nílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fà díẹ̀díẹ̀, kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìlà kẹrin ni, àbí?"

"Ẹ ti gbọ́, Tantí?"

"Ẹnì kan ní mairie kà á fún mi lánàá. Kí lo máa sọ?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ṣé o rò pé ìwé mi kéré?"

Fáyẹ́misí lè purọ́. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, afẹ́fẹ́ tutù, irọ́ kékeré kan ò ní pa ẹnikẹ́ni lára ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ó kéré, Tantí," ló wí. "Kò sí ẹni tó jókòó ti yín rí láti wo bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ bisikíìtì."

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan wà ní Daagbé tó máa ń figbe ta. Bó bá ti figbe ta, Ọyakẹ́mi á fún un ní bisikíìtì kó lè dákẹ́. Ó ń dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì, igbe náà di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ọmọ náà ti kẹ́kọ̀ọ́ pé igbe ló ń mú bisikíìtì wá. Fáyẹ́misí ló ka igbe náà, tó sì fi iye rẹ̀ hàn án lórí ìwé.

"Mo rántí," Ọyakẹ́mi wí. "Kò sí ọjọ́ tí mi ò kí ń rántí." Ó na ọwọ́ sí oní-zémidjan kan tó ń bọ̀ lókèèrè. "Ṣùgbọ́n bí o ṣe sọ ọ́ yẹn, ó jọ pé ó ti pẹ́ tó ti wà lẹ́nu rẹ."

Ó gun alùpùpù náà lọ. Fáyẹ́misí dúró sójú kan títí eruku pupa tó sọ fi jókòó padà sórí koríko.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Sadatou, ìyá Chérifath, pè. Ọmọ náà ti tún gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ti jáde.

Fáyẹ́misí àti Ọyakẹ́mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti Ifangni, èkejì láti Banigbé. Wọ́n kàn kí ara wọn bí ó ti yẹ. Sadatou ti fi aṣọ wé ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Chérifath dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń kùn hùn-ùn hùn-ùn, ó sì ń wá bó ṣe máa tú aṣọ náà kó lè rí ọwọ́ rẹ̀ gé jẹ.

"Mi ò kúrò nílé o," Sadatou wí. "Ẹ ní bí mo ṣe ń lọ sọ́jà ló ń fà á. Mo jókòó sílé lónìí. Mi ò lọ ibì kankan. Ó ṣì gé e jẹ."

Fáyẹ́misí ṣí ìwé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àkókò, ibi, ohun tó ṣáájú, ohun tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, láàárín agogo mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìyẹ̀. Ọjọ́ méjèèjì yẹn ni Sadatou máa ń lọ tajà, ìdí nìyẹn tó fi ní ìdánilójú. Ó wo àwọn ìlà tó fà. Wọ́n lẹ́wà, wọ́n gún régé, wọn ò sì sọ nǹkan kan fún un mọ́. Ó rántí àwọn òwúrọ̀ kan ní Kánádà tí yìnyín máa ń bo gbogbo ojú pópó, tí èèyàn á máa wo ìta láti ojú fèrèsé tí kò ní rí ibi tí ọ̀nà gbà.

"Kí la ò rí?" ló bi ara rẹ̀, sókè.

Ọyakẹ́mi ń wo ọmọ náà. Ó wo bó ṣe dojú bolẹ̀, tó fi etí ọ̀tún lẹ ilẹ̀, tó gbé e kúrò bíi pé ilẹ̀ ta á, tó sì tún dà á padà. Nígbà tó yá, Ọyakẹ́mi tú gèlè rẹ̀, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun náà sì dùbúlẹ̀ gbalaja nínú eruku, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó fi etí lẹ ilẹ̀ níwájú ọmọ náà. Ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

"Fáyẹ́misí," ó pè é nígbà tó yá, láìgbé orí sókè. "Wá dùbúlẹ̀."

Fáyẹ́misí dùbúlẹ̀. Ilẹ̀ tutù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó yá ló wá ń gbọ́ ọ, tàbí kí a ní eyín rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Nǹkan kan ń gbọ̀n rìrì nísàlẹ̀, láìdúró, láìyí padà, bíi pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń hanrun.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́," Ọyakẹ́mi wí. "Lódìkejì oko ọ̀pẹ yẹn. Ìṣẹ́gun àti Ẹtì ni wọ́n máa ń tan án. Àwa ò gbọ́ ọ mọ́, ó ti mọ́ wa lára. Òun ń gbọ́ ọ. Ó ń wọ inú egungun rẹ̀."

Sadatou káwọ́ lérí. "Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́? Láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n gbé ọmọ náà kúrò nílẹ̀. Wọ́n gbé e gorí bẹ́ǹṣì onígi tí wọ́n to ìrọ̀rí méjì lé, wọ́n sì fi ìbòrí onírun bò ó létí méjèèjì. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí kíkùn náà fi rọlẹ̀, tó sì dáwọ́ dúró. Chérifath na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń mì wọ́n nínú afẹ́fẹ́. Wọ́n á ṣì ní láti kọ́ ọ bí ó ṣe máa fi ọwọ́ sọ pé òun fẹ́ kúrò nílẹ̀, ìyẹn lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ti mọ ohun tó ń bá wọn jà.

"Bí kì í bá ṣe ìwé rẹ ni," Ọyakẹ́mi wí bó ṣe ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀, "ǹ bá má mọ̀ pé ọjọ́ méjì pàtó ni. Ǹ bá kàn dùbúlẹ̀ lásán ni." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú.

Lọ́jọ́bọ̀, yàrá ńlá mairie kún. Àwọn olùkọ́ wá, àwọn nọ́ọ̀sì wá, àwọn òbí tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó sẹ́yìn, àwọn mìíràn gbé ọmọ náà dání. Fáànù òkè ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Séraphin jókòó sídìí tábìlì gígùn, Hugues sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọkùnrin yìí wá láti Cotonou, òun náà ní ìwé Amẹ́ríkà, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin òbí," Hugues wí. "Bí wọ́n bá fẹ́ la ikùn ọmọ yín, ṣé ẹni tó kọ́ ọ lórí fóònù lẹ máa gbé e fún? Ọkàn ọmọ náà kò kéré sí ikùn rẹ̀. Ìwé kan wà lágbàáyé tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹni tó bá ní in, a mọ ohun tó kọ́, a mọ iye wákàtí tí wọ́n fi wò ó, a sì mọ ibi tí a ó ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn bó bá ṣìṣe. Èwo ni ká tún máa wá òmíràn sí?"

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Fáyẹ́misí kò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Ọyakẹ́mi dìde. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Mo kí ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Monsieur sọ dára. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò yẹn, Faransé la sì fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní iléèwé. Ó tún lé ní ọdún kan báyìí tí àwọn tó ń ṣe é ti kọ̀wé pé àwọn ò gba ẹni tuntun láti orílẹ̀-èdè wa mọ́. Àwọn mélòó ló ní in ní gbogbo Benin?"

Hugues yíjú sí Séraphin. "Mọ́kànlá," Séraphin dáhùn.

"Mọ́kànlá," Ọyakẹ́mi tún un sọ. "Kò sì ní pọ̀ sí i." Ó jókòó.

Ìgbà yẹn ni Sadatou na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Séraphin ní kó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó di gèlè rẹ̀ mú bíi pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ. "Èmi ò mọ̀wé," ó wí. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Tí òfin yìí bá dé, ta ló máa wá sí Tchaada lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

Fáànù ń yí. Ọmọ kan ń pọ́n ìka rẹ̀ lá níbì kan nínú èrò, gbogbo yàrá ń gbọ́ ọ.

"Madame Véronique," Séraphin pè é, ó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́. "À ń retí yín."

Fáyẹ́misí dìde. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ìwé náà, àwọn ọ̀rọ̀ náà ń fò lójú rẹ̀ bí ẹyẹ lórí okùn. Ó ká a.

"Ìwé Dakar kò tó," ló wí.

Ọyakẹ́mi wolẹ̀. Hugues mi orí pé ó rí bẹ́ẹ̀.

"Mo bá àwọn tó ní in ṣiṣẹ́, mo mọ̀. Ìmọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà wọ́n lè ṣe àṣìṣe kan náà fún oṣù méjì láìmọ̀. Mo gbà pẹ̀lú Monsieur Hugues. Ẹni tí kò sí ẹni tó wò ó rí kò gbọ́dọ̀ dá ọmọ mú." Ó mí. "Ìwé Amẹ́ríkà náà kò tó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo fi ìwé mi wo ọmọ kan tó ń gé ara rẹ̀ jẹ, mo sì kà á lọ́nà tí kò tọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń kà á lọ́nà tí kò tọ́. Mo ti ní kí ìyá rẹ̀ jókòó sílé kó má tajà mọ́. Ẹni tó ní ìwé Dakar ló dùbúlẹ̀ sílẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń gbọ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi ní ìyẹn."

"Kí wá ni àbá yín?" Ohùn Séraphin ti yí padà.

"Kí òfin má dárúkọ ìwé kan ṣoṣo. Kó sọ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ àti ohun tó gbọ́dọ̀ lè ṣe lójú ẹlòmíràn. Kí ìdánwò wà níbí, ní èdè Faransé. Kí ẹni tó bá ní ìwé Dakar, tàbí irú rẹ̀, ṣe iye wákàtí kan lábẹ́ ojú ẹni tó ti gba àṣẹ. Mo rò pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wákàtí yẹ. Ìwé ọlọ́jọ́ márùn-ún kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta!" Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. Fáyẹ́misí kò wẹ̀yìn láti mọ ẹni náà. Ojú Ọyakẹ́mi ló ń wò, ojú yẹn kò sì sọ nǹkan kan fún un.

Nígbà tí ìpàdé tú ká, Séraphin di fáìlì rẹ̀ mọ́yà. "Ẹ já mi kulẹ̀, Madame," ló wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa òjò tí kò rọ̀. "Ipò ọ̀gá tí mo ní lọ́kàn fún yín, ẹ má retí rẹ̀ mọ́."

Ọyẹ́ lọ. Ooru dé, ó jókòó lórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà òjò àkọ́kọ́ rọ̀, àgbàdo yọrí ní etí gbogbo ọ̀nà. Inú oṣù karùn-ún ni òfin náà jáde. Àwọn mọ́kànlá tó ní ìwé Amẹ́ríkà gba àṣẹ tààrà, láìṣe nǹkan mìíràn. Wọ́n gba ìwé Dakar náà wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó ní in gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wákàtí lábẹ́ ojú ẹni tó ti gba àṣẹ, kó sì ṣe ìdánwò. Kí ó tó ṣe é, kò gbọ́dọ̀ dá ọmọ kankan mú.

Ọyakẹ́mi pa fóònù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò wá sí Tchaada, kò lọ sí Daagbé. Fáyẹ́misí nìkan ló ń sá láti ilé kan sí òmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá jókòó, ó máa ń rí ojú àwọn ọmọ náà bíi pé wọ́n wà lábẹ́ omi, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó wọ zémidjan lọ sí Banigbé. Ó bá Ọyakẹ́mi lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀pà sínú abọ́. Fáyẹ́misí kúnlẹ̀ kí i. Ọyakẹ́mi fi orí júwe àpótí ìjókòó kan fún un, wọ́n sì jọ ń bó ẹ̀pà fún ìgbà díẹ̀. Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ń kán láti etí páànù.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wákàtí," Ọyakẹ́mi wí. "Èmi tí mo ti ń nu imú ọmọ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Kí ọmọdé máa jókòó sí kọ̀rọ̀ kó máa wò mí."

"Èmi ni mo dá a lábàá, Tantí."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

"Ó dùn yín."

"Ó dùn mí gan-an ni." Ó fọ́ ẹ̀pà kan, ó wo inú rẹ̀. "Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo ní mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Lẹ́yìn náà mo wá ń ronú nípa ọmọ tó ń figbe ta yẹn. Oṣù méjì gbáko. Ká ní ẹnì kan jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn ni, kò ní tó ọjọ́ méjì."

Fáyẹ́misí sọ èyí tó nira jù. "Tí mo bá ń wò yín, Tantí, ohun tí mo bá rí gan-an ni mo máa kọ. Mi ò ní fi wákàtí kankan bò yín láṣìírí."

Ọyakẹ́mi yíjú wò ó, ó wò ó pẹ́. "Ká ní o wá síbí láti wá fi wákàtí ta mí lọ́rẹ ni," ló wí, "ǹ bá ti lé ọ jáde láàárọ̀ yìí. Báwo ni Chérifath?"

"Ó ti ń na ọwọ́ sókè bó bá fẹ́ kúrò nílẹ̀."

"Ìgbà mélòó lójúmọ́?"

"Mẹ́fà. Lánàá, mẹ́sàn-án."

Ọyakẹ́mi mi orí. Ó gbé abọ́ ẹ̀pà sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó sì wọlé lọ. Fáyẹ́misí ń gbọ́ ọ tó ń ṣí àpótí, tó ń ti nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó jáde, báàgì iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé dání.

"Ọ̀la ni," ló wí. "Má pẹ́."

Daagbé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nílé ọmọ tuntun kan tó ń jẹ́ Fàúzíyàtù. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ohun gbogbo tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló máa ń jù nù. Fáyẹ́misí jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá pẹ̀lú ìwé àti kálàmù lórí itan. Òjò ń rọ̀ wẹ́wẹ́ lóde, ìmọ́lẹ̀ yàrá rí bí ìmọ́lẹ̀ inú ewé. Ọyakẹ́mi jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ń fi bọ́ọ̀lù kékeré kan bá a ṣeré, ó ń tì í lọ, ó ń tì í bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Fáyẹ́misí kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mọ́.

Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, Fàúzíyàtù rí ife oníke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó jù ú. Ife náà ta lára ògiri, ó yí po, ó sì bọ́ sórí bàtà Ọyakẹ́mi ní dídojúdé bí fìlà. Ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ẹ̀rín kékeré kan sì bọ́ lẹ́nu Ọyakẹ́mi kó tó mọ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó nawọ́ mú ife náà, ó tún un jù, ó sì yíjú wá wo ẹnu Ọyakẹ́mi, ó ń dúró.

Ojú Ọyakẹ́mi ti padà sípò. Kò wo ife. Kò wo ẹ̀yìn. Ó gbé bọ́ọ̀lù sáàárín òun àti ọmọ náà.

"Ṣé o rí i?" ló bi Fáyẹ́misí.

Òjò ń rọ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá, kò sì sí ẹni tó máa béèrè.

"Mo rí i, Tantí."

"Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ó kọ àkókò, ó kọ ife, ó kọ ẹ̀rín, ó sì kọ ife lẹ́ẹ̀kejì. Ọyakẹ́mi dúró títí kálàmù fi dákẹ́ lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú ọmọ náà, ó ń retí bọ́ọ̀lù. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí wákàtí àkọ́kọ́ tó pé.